Ẹ Kú Ooru: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Kọ̀ǹpútà Ẹ́díìtì Fídíò Tí Kì Í Pariwo

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tí ń ya fídíò òde àti àwọn tí ń ẹ́díìtì rẹ̀ sọ, ní gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, àfi ibi tí mo ti wúkọ́.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fara ti ògiri lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ kú ìdúró. Gbogbo wa pátá, ẹ kú ooru!

(Àwọn ènìyàn dáhùn pé: "Òo!")

Ẹ ṣeun. Ẹ má gbàgbé kíkí tí mo kí yín gbẹ̀yìn yẹn, nítorí òun gan-an ni mo bá wá. Ẹni tó pè mí ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe lè to kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi ẹ́díìtì fídíò nílé, tí kò ní í máa hó bí ọkọ̀ òfúrufú tó fẹ́ gbéra. Ọ̀rọ̀ ariwo ló rò pé òun fi lọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ ooru ni. Ooru ni ìyá, ariwo ni ọmọ. Ẹ lè na ọmọ títí ilẹ̀ ó fi ṣú, bí ìyá bá ṣì wà nílé, á tún bí òmíràn.

Kí n tó wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ìlú wa yangàn díẹ̀. Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ẹ̀rọ irin ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Bó ti wù kí ẹ̀rọ yẹn ké tó, bébà ò gbọ́. Ẹni tó jókòó sí Aké tó ń kà á kò ní í gbúròó ẹ̀rọ kankan láàárín ìlà kìíní àti ìkejì. Iṣẹ́ tiwa ńkọ́? Ìdajì rẹ̀, etí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ariwo tó bá wà nínú yàrá tí a ti ń ṣe é, inú iṣẹ́ náà ló ń kó sí.

Ohùn ìyá ìyàwó

Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Mo ya fídíò ìgbéyàwó kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá ìyàwó ní òun fẹ́ gbàdúrà tí a ó fi sábẹ́ àwòrán ìgbà tí wọ́n ń sin ọmọ òun lọ sílé ọkọ. Màmá wá bá mi nílé. Mo gbé máìkì síwájú wọn. Kọ̀ǹpútà mi wà lórí tábìlì kan náà, ó ń rẹ́ńdà iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ó ń pa àwọn ègé tí mo ti gé pọ̀ di fídíò kan. Màmá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ki ọmọ wọn, wọ́n sunkún díẹ̀, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn sunkún. Nígbà tó yá, wọ́n ní: "Ọkọ rẹ kò ní í di ọkọ̀ èrò." Ẹ rẹ́rìn-ín, àbí? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní àdúrà yìí nìkan ti tó láti gbé fídíò náà.

Màmá lọ. Mo fi nǹkan sétí láti gbọ́ ọ. Vùùùùù. Ohùn fáànù ló kọ́kọ́ kí mi. Ojú ò tì mí, mo ní kò burú, mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń yọ ariwo. Ariwo lọ lóòótọ́, àmọ́ kò dá lọ, ó fa ohùn màmá lọ́wọ́ dání. Ohun tó ṣẹ́ kù dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú akèrègbè. Níbi ọkọ àti ọkọ̀ yẹn, ẹ ò lè mọ èwo ni èwo mọ́. Nígbà tí màmá gbọ́ ọ, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí?"

Wọ́n tún un ṣe fún mi o. Ẹkún àkọ́kọ́ yẹn ò padà wá.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin tó dàgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n tó ìgbà 85 sí 180 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin ń lọ láti bí 165 sí 255. Ibẹ̀ ni òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín ohùn wa wà. Ẹ wá mú fáànù abẹ́bẹ̀ méje, kó máa yí nígbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni 25 ní ìṣẹ́jú àáyá. 25 lọ́nà méje, 175. Ṣé ẹ rí i? Orí àga kan náà ni fáànù àti ohùn èèyàn jókòó sí. Ẹni tó bá ní kí fáànù dìde, á fa aṣọ ẹnì kejì. Ẹni tó ń ẹ́díìtì èdè tí ohùn kì í ṣe ìtumọ̀ nínú rẹ̀ lè fara dà á. Àwa tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ wà lẹ́nu wa, a ò lè fara dà á.

Fáànù kì í ké lásán

Kí ló ń jẹ́ kí fáànù sáré? Ooru. Ibo ni ooru ti wá? Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ, ooru ló ń dà nígbẹ̀yìn. Kò sí ibòmíràn tí yóò gbà.

Ẹ rántí gílóòbù pupa tí a ń lò láyé ọjọ́un, tí ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Wáàtì 60 ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wá wo prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Intel Core i5-12400, wáàtì 65 ni wọ́n kọ sí i lára, bí iṣẹ́ bá sì le, ó lè gùn dé 117. Gílóòbù kan sí méjì nìyẹn. Core i9-14900K ńkọ́? Wọ́n kọ 125, ó sì lè gùn dé 253. Èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru tó bíi wáàtì 100 jáde lára. Ẹ wá fojú inú wò ó: àlejò méjì àti ààbọ̀ nínú àpótí kan, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Tí a bá wá gbé káàdì gíráfíìsì tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán, irú RTX 4090, tì í, tó ń jẹ 450, ó ti di ẹbí ìyàwó pátá nìyẹn.

Èmi ò mọ èyí nígbà náà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó, inú bí mi, mo gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì, mo fi lẹ inú késìn mi, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, yíká. Mo dí gbogbo ihò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Mo ń yin ara mi. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, prósẹ́sọ̀ ti dé 96°C, fáànù wá ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, rẹ́ńdà náà sì ń rákò, nítorí prósẹ́sọ̀ tó bá gbóná jù, fúnra rẹ̀ ló ń dẹ ẹsẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi fi iná sórí òrùlé, mo tún fi fóòmù bò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá késìn tí wọ́n fi fóòmù sí nínú, tí iwájú rẹ̀ dí gbọn-in, ẹ rọra. Ní ìlú olótùútù, ó lè dára. Níbí, késìn tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n, tí afẹ́fẹ́ ń wọlé tó ń jáde, ló máa ń dákẹ́ jù. Ó jọ irọ́, àmọ́ òótọ́ ni. Ihò ló ń jẹ́ kó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí fáànù, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá dín eré fáànù kù sí ìdajì, afẹ́fẹ́ tó ń gbé á kù sí ìdajì. Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Desibẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo; ariwo rẹ̀ á já wálẹ̀ tó nǹkan bíi desibẹ́ẹ̀lì 15. Bẹ́ẹ̀, tí ariwo bá fi desibẹ́ẹ̀lì 10 wálẹ̀, etí wa á gbà pé ó ti dín sí ìdajì. Tí ẹ bá wá gbé fáànù kejì tó bá àkọ́kọ́ dọ́gba tì í, desibẹ́ẹ̀lì 3 péré ló fi ń lé. Kí lèyí túmọ̀ sí? Fáànù méjì tó ń rọra rìn á gbé afẹ́fẹ́ kan náà pẹ̀lú fáànù kan tó ń sá eré àsápajúdé, ariwo wọn á sì fi nǹkan bíi desibẹ́ẹ̀lì 12 kéré. Fáànù púpọ̀, ariwo kékeré! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìṣirò yìí, mo rò pé mo ṣì í ni, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Fáànù ńlá tún dára ju kékeré lọ. Mìlímítà 120, tàbí 140 bí késìn bá gbà á. Kẹ́ ẹ ra èyí tí wáyà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, nítorí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, lè bá irú èyí sọ̀rọ̀ dáadáa pé kó rọra, tàbí kó yára. Ẹ wọ inú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tí ẹ lè ṣí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, ẹ sọ fún un pé kó máa ní sùúrù kó tó gbé eré sókè. Fáànù tó ń lọ sókè sódò ní gbogbo ìṣẹ́jú, vùù, fíì, vùù, fíì, ó ń mú orí fọ́ni ju èyí tó ń dún déédéé lọ. Ọ̀fẹ́ ni èyí o. Owó kankan ò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ rán an?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi owó ṣòfò nìyí. Wọ́n á ní, "Mo fẹ́ èyí tó lágbára jù." Agbára kí ni? Ìlù àdúnjù, yíya ló ń ya. Ẹ kọ́kọ́ wo irú fídíò tó ń jáde nínú kámẹ́rà yín.

Fídíò H.264 tàbí H.265 tí fóònù àti kámẹ́rà ń yà, àwọn àwòrán inú rẹ̀ kò pé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà á kọ àwòrán kan sílẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà, ohun tó bá yí padà nìkan ni yóò máa kọ. Ó dà bí ìyá aláta tó ń ka gbèsè fún yín: "Ti àná náà ni, àfi igba náírà tó lé. Ti àná yẹn náà ni, àfi ata tẹ́ ẹ tún mú lálẹ́." Ó rọrùn fún ìyá aláta, ìwé rẹ̀ ò tètè kún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ẹ jẹ lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, ẹ gbọ́dọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ máa rò ó bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni prósẹ́sọ̀ ṣe ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa ìlà láti ibì kan sí ibòmíràn nínú fídíò. Ìrònú yẹn ló ń mú un gbóná.

Àwọn prósẹ́sọ̀ Intel kan wá ní akọ̀wé pàtàkì kan nínú tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìwé gbèsè yìí nìkan ló mọ̀. Quick Sync ni wọ́n ń pè é. Ara gíráfíìsì tó wà nínú prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ló wà. Ó ń ṣe iṣẹ́ náà kíákíá, iná díẹ̀ ló ń jẹ, ooru díẹ̀ ló ń mú wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kámẹ́rà bíi Sony A7 IV, tí ẹ ń ya H.265 oní-10-bit 4:2:2, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kún jù, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: láti ìran kọkànlá prósẹ́sọ̀ Intel ni Quick Sync ti ń ka irú fídíò yẹn, nígbà tí káàdì NVIDIA kò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á títí di RTX 50 ní 2025. Ọwọ́ èwe ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Káàdì ńlá tí ẹ fi owó gọbọi rà lè máa wo fídíò yẹn bí ẹni tí kò mọ̀wé, kí prósẹ́sọ̀ kékeré ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kà á geere.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà kan. Lẹ́tà F. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo mọ̀ lọ sí Ìkẹjà, wọ́n fi i5-12400 àti i5-12400F hàn án. Èyí tó ní F dínwó díẹ̀. Ó rà á, ó padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú, ó pè mí pé òun ti jẹ èrè. Mo ní, "Àbúrò, F yẹn ni wọ́n fi ń sọ pé wọ́n ti pa gíráfíìsì inú rẹ̀." Kò sí gíráfíìsì, kò sí Quick Sync. Ó kàn dákẹ́ lórí fóònù. Mo gbọ́ fáànù rẹ̀ lẹ́yìn.

Ohun kejì ni proxy. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwià ṣe ẹ̀dà kékeré fún gbogbo fídíò yín lálẹ́, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà yẹn gé e ní ọ̀sán, kó tó di pé ẹ padà sí ojúlówó nígbà rẹ́ńdà. DaVinci Resolve ń ṣe é, Premiere ń ṣe é, Kdenlive tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà ń ṣe é. Ariwo lálẹ́ nígbà tí ẹ ń sùn, ìdákẹ́jẹ́ lọ́sàn-án nígbà tí ẹ ń fetí sí ohùn. Ẹ ò ra nǹkan kan.

Kí la ó wá rà?

Èmi á mú prósẹ́sọ̀ oníwáàtì 65. i5-12400 tí kò ní F dára; i5-13500 tún dára jù ú lọ bí owó bá wà. Ẹni tó bá ti ra èyí tó ń jẹun púpọ̀ lè wọ BIOS kó fi òdiwọ̀n sí iná tó ń jẹ. Ryzen, prósẹ́sọ̀ ti AMD, ní ètò tí wọ́n ń pè ní Eco Mode fún irú rẹ̀. Mo ṣe é fún ọ̀rẹ́ mi kan: rẹ́ńdà tó ń gba ìṣẹ́jú 20 wá ń gba 22, ariwo sì relé. Ṣé ìṣẹ́jú méjì ni ẹ ò ní?

Kúlà, ohun tó ń mú prósẹ́sọ̀ tutù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo kékeré tó bá prósẹ́sọ̀ wá nínú páálí. Ẹ ra èyí tó ga bí ilé alájà, tí ọ̀pá bàbà gba inú rẹ̀ kọjá, tí fáànù 120 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Noctua ti ilẹ̀ Austria lókìkí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ fáànù wọn dà bíi kòkó tí mílíìkì kéré nínú rẹ̀. Thermalright ń ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré gan-an, tó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wọn inú késìn yín kẹ́ ẹ tó sanwó, nítorí irú kúlà yìí lè ga tó mìlímítà 158, mo sì ti rí ẹni tó ní láti máa lo kọ̀ǹpútà láìbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti kúlà olómi, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Páǹpù inú rẹ̀ kì í sinmi, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tó bá kú, ta ló máa tún un ṣe fún yín ní Kútọ̀?

Káàdì gíráfíìsì: Resolve nílò rẹ̀ gan-an. RTX 4060 ń jẹ wáàtì 115, ìrántí rẹ̀ jẹ́ 8 GB. RTX 3060 tó ní 12 GB ń jẹ 170. Èwo ni kẹ́ ẹ mú? Bí ẹ bá ń lo proxy, tí ẹ kì í to nǹkan púpọ̀ lé orí ara wọn, 4060 tó, ó sì tutù. Èmi ń lo 3060 nítorí mo fẹ́ràn ìrántí púpọ̀, mo wá fi sọ́fítíwià dín iná rẹ̀ kù. Ẹ wá irú èyí tí fáànù rẹ̀ máa ń dúró pátápátá bí iṣẹ́ ò bá le.

RAM, ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: 32 GB, pátákó méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. RAM kì í pariwo, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Dísìkì tí a ń kó fídíò sí ńkọ́? SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, kò lóhùn. Háàdì dísìkì àtijọ́ ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 120 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ tún padà wo iye ohùn èèyàn tí mo kà lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ti wá jókòó sórí àga wa! Ẹ fi SSD ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ fi háàdì dísìkì pa iṣẹ́ tó ti parí mọ́, kẹ́ ẹ máa so ó mọ́ra nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà nìkan. Ẹni tó bá di dandan fún láti fi í sínú késìn, kó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Kò lẹ́wà, ó ń ṣiṣẹ́.

Ilé wa, iná wa

Pawá sọ́pláì, ohun tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sẹ́yìn, nítorí mi ò lè sọ ọ́ láìsọ̀rọ̀ NẸ́PÀ. Mo mọ̀ pé IBEDC ni orúkọ wọn báyìí, ẹnu mi ò tíì gbà á.

Pawá sọ́pláì tó bá késìn olówó pọ́ọ́kú wá, tí wọ́n kọ 500 W gàdàgbà sí lára, ẹ gbé e sókè. Bó bá fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì, àgbá òfìfo ni, àgbá òfìfo ló sì ń dún jù. Ẹ wá èyí tó ní àmì 80 Plus Gold. Nígbà tó bá ń ṣe ìdajì iṣẹ́ tó lè ṣe, nínú iná 100 tó bá gbà, kò ní í fi kéré sí 90 fún kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀nba tó kù ló ń dà sí ooru. Kẹ́ ẹ ra 550 tàbí 650, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yín ò ní í jẹ tó 300. Ẹni tó ń ru ìdajì ẹrù kì í mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn kan wà tí fáànù wọn kì í yí rárá títí ẹrù fi wúwo.

Inverter wá ń kọ́? Ẹ fetí sílẹ̀. Inverter wà tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NẸ́PÀ, pure sine wave ni wọ́n ń pè é. Òmíràn wà tí iná rẹ̀ ń fò bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Èyí tó ń gun àtẹ̀gùn yẹn ló ń mú kí fáànù àjà kùn, tí àwọn pawá sọ́pláì kan náà á máa kùn, òmíràn á tiẹ̀ kú pi. Mo ti rí ẹni tó tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò nígbà mẹ́rin tó ń wá ibi tí ariwo ti ń wá, láìmọ̀ pé inverter ló wà nídìí rẹ̀. Inverter fúnra rẹ̀ sì ní fáànù. Ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ti jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Kò sí kúlà tó lè ran ẹni tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé lọ́wọ́. Èmi ń gba ohùn sílẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, kí àkùkọ tó bẹ̀rẹ̀.

Ooru ìlú wa tún ń kọ́? Gbogbo àwọn tí ń dán nǹkan wò lórí YouTube, inú yàrá bíi 21°C ni púpọ̀ wọn wà. Bí wọ́n bá ní prósẹ́sọ̀ dé 65, tiyín lábẹ́ páànù gbígbóná nínú oṣù kẹta, tí yàrá ti di 33, á dé 77. Kò sí fáànù tó lè mú nǹkan tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ ra oníwáàtì kékeré. Àwọn baba wa sá sábẹ́ Olúmọ nígbà ogun. Ọ̀sán oṣù kẹta nìkan ti tó ogun.

Eruku pupa yìí ńkọ́, àti ti ọyẹ́? Bó bá ti dí irin kúlà, fáànù gbọ́dọ̀ sáré sí i. Ẹ ra késìn tó ní àwọ̀n tí ẹ lè fà yọ, kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà pé kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo mọ àwọn tó ti ṣe é níbí! Omi máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, agbára rẹ̀ á sì mú fáànù yí kọjá ààlà. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó mọ́ ti tó. Kẹ́ ẹ fìka di fáànù mú kó má yí.

Tòkunbọ̀

Mo gbọ́ ẹni tó ń kùn lẹ́yìn pé owó dà. Ọ̀rọ̀ yín yé mi. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà àgbà náà wúlò. Àwọn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ bíi HP Z440 àti Dell Precision T5810 tó ń ti òkè òkun wọlé, wọ́n ṣe wọ́n dáadáa, irin wọn nípọn, púpọ̀ nínú wọn ò sì pariwo rárá. Ẹ kàn mọ ohun méjì. Prósẹ́sọ̀ Xeon inú wọn kò ní gíráfíìsì nínú, nítorí náà kò sí Quick Sync, proxy di dandan. Èkejì, pawá sọ́pláì HP yẹn, bí wọ́n ṣe gé e yàtọ̀, èyí tí ẹ rà lọ́jà kò ní í wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀, ẹ nu girísì gbígbẹ tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti kúlà rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi tuntun sí i. Mo ti rí èyí tó fi 15°C wálẹ̀ lójú mi nítorí ìyẹn nìkan.

Ìbéèrè

Ìyá kan nawọ́ níwájú: "Ọmọ mi, àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Fóònù ni mo fi ń ya ọjà mi, tí mo fi ń gé e. Ṣé gbogbo èyí kàn mí?"

Rárá, Màmá. Fóònù yín tó. Kò ní fáànù, kò lè pariwo. Bí ẹ bá ń ṣàlàyé ọjà, ẹ kàn pa fáànù àjà ná kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

"A máa làágùn, ọmọ mi."

Ẹ máa làágùn díẹ̀, Màmá, ẹ ò ní í pẹ́ parí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní: "Ẹ̀gbọ́n, laptop ńkọ́?"

Fáànù laptop kéré, ara rẹ̀ tín-ín-rín, nítorí náà ohùn rẹ̀ á dà bíi ti ẹ̀fọn. MacBook Air oní-M1 tí Apple gbé jáde ní 2020 kò ní fáànù rárá, ó sì ń gé fídíò. Ṣùgbọ́n bí rẹ́ńdà bá pẹ́, ooru á mú un, á dẹ ẹsẹ̀. Ẹni tó ń rìnrìn-àjò lè rà á. Ẹni tó ń jókòó sílé, kó to tirẹ̀.

Arábìnrin kan láti ẹ̀yìn: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ní kọ̀ǹpútà, ó ń pariwo, owó ò sì sí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?"

Lálẹ́ òní, tú u, fọ eruku rẹ̀. Lọ́la, wọ BIOS, jẹ́ kí fáànù ní sùúrù. Gbé e kúrò lórí tábìlì sí ìsàlẹ̀, jìnnà sí máìkì, má tì í mọ́ ògiri. Bí owó kékeré bá wọlé, kúlà ni kí o kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà fáànù méjì. SSD tẹ̀ lé e. Prósẹ́sọ̀ ló máa kẹ́yìn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ọ kí o tó ṣe àwọn yòókù, nítorí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọ lójú pé ó lè má pọn dandan mọ́.

Ó tó báyìí. Mo gbé tèmi wá, òun ló wà lórí tábìlì yẹn, mo ti ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa bọ̀ wá wò ó ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ mú píọ̀ wọ́tà dání, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ná.